Àwọn Orúkọ Tí Mo Tún Tò

                                                            Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                            Òpópónà Ìfẹ́lódùn,
                                                            Lotto, Mowe,
                                                            Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                            Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Sọ̀fíyátù, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Ìbejì ńkọ́? Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́, ṣé eyín Kẹ́hìndé ti yọ tán, àbí ó ṣì ń fi ẹkún jí gbogbo ilé? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí gbogbo yín kú òjò, mo sì kí ìwọ gan-an kú ọmọ títọ́, nítorí mo mọ̀ pé ìbejì kì í jẹ́ kí ìyá wọn ráyè yarun. Àwa náà ń gbìyànjú níbí. Iṣẹ́ irun ń lọ, Ọlọ́run ń ṣọ́ wa, ọ̀nà márosẹ̀ ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Mo mọ̀ pé wàá ní ṣé fóònù Ìbíwùnmí bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo béèrè eyín ọmọ, tí mo rẹ́rìn-ín, tí mo sì gé e. Ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde lẹ́nu mi. Mo wá ní kí n fi ọwọ́ gbìyànjú rẹ̀ wò. Oníbàárà mi kan ń lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ Ajé, òun ni yóò fi í lé ọ lọ́wọ́. Mo ṣe ohun tí kò dáa, Sọ̀fí, ẹlòmíràn ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Bọ̀dá Olúgbádé ni.

Ṣé o rántí Ilé Pupa wa ní Ibafo, yàrá mẹ́jọ, ilé ìdáná ẹyọ kan? O rántí pé tí o bá gbé ọbẹ̀ kaná tí o sì lọ pọn omi, èmi ni mo máa ń ṣí i, tí mo máa ń tọ́ ọ wò, tí mo sì máa ń fi iyọ̀ kún un. Ọjọ́ kan inú bí ọ, o ní, "Ìbíwùnmí, ta ló rán ọ? Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wàá fi iyọ̀ sí ohun tí kò ṣe é yọ kúrò." Mo fi ọ́ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ọbẹ̀ tí mo fọwọ́ kàn ló dùn jù nílé náà. Háà! Ọjọ́ tí o wí ti pé.

Ìwọ náà kò lè gbàgbé yàrá iwájú tí Bọ̀dá Olúgbádé ń gbé, tẹlifíṣọ̀n ńlá wọn, jẹnẹrétọ̀ wọn, àti bí gbogbo wa ṣe máa ń kún pálọ̀ wọn fọ́fọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ló fi ìdérí ìgò mínírà kọ́ èmi àti ìwọ ní ọ́fúsáìdì lórí tábìlì, nígbà tí àwọn ọkùnrin ilé ń sọ pé kí la mọ̀ nínú bọ́ọ̀lù. Mo sọ fún ọ pé àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n ní oṣù Kejì. Apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀, ahọ́n sì wúwo débi pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tí n kò sọ fún ọ ni bí wọ́n ṣe ń jàjà bọ̀ sípò. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, ní ọjọ́ orí wọn yẹn! Ìwé ẹsàsáìsì ọmọ iléèwé kan báyìí kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìwé yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. O mọ ṣọ́ọ̀bù wọn ní Asese, níbi tí àwọn onítírélà ti ń dúró kí wọ́n bá wọn tún iná ọkọ̀ ṣe. Mubashir, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ló ń dúró síbẹ̀ báyìí. Tí ọkọ̀ kan bá dààmú rẹ̀, á wá sí Ibafo, á ṣàlàyé ohun tí ọkọ̀ náà ń ṣe, Bọ̀dá á sì fi ọwọ́ òsì ya wáyà rẹ̀ sínú ìwé, pupa síbí, dúdú sọ́hùn-ún. Tí ilẹ̀ bá mọ́, Mubashir á lọ ṣe é bí wọ́n ṣe yà á, iná á sì tàn. Ìyá Delight, ìyàwó wọn, máa ń sọ pé ìwé yẹn ni ẹnu ọkọ òun. Ọládélé, àbúrò wọn tó wà ní Ìfọ̀, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí wọ́n kó Bọ̀dá wá sílé ẹbí kí wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀bù yẹn háyà fún ẹlòmíràn. Kì í ṣe ìkà o, àánú ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ìgbàkúùgbà tó bá dá a sílẹ̀, Bọ̀dá á mi orí pé rárá, wọ́n á sì na ìwé wọn sókè hàn án. Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Wàyí o, bọ́ọ̀lù orí fóònù wa ṣì ń lọ, Líìgì Ilé Pupa, níbi tí kálukú ti ń kó agbábọ́ọ̀lù gidi jọ, tí ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá á sì di pọ́íǹtì fún un. Nígbà tí ìwọ wà níbẹ̀, kó o tó bímọ tó o sì jáde nínú gúrúùpù, kálukú ló lè mú agbábọ́ọ̀lù tó bá wù ú. Abdulrauf ti yí i padà. O mọ tíṣà wa tó kó lọ sí Òkè-Àró, òun ṣì ni alága. Ní báyìí, agbábọ́ọ̀lù kan kò lè ní olówó méjì. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kálukú á to orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù sínú fóònù, láti orí ẹni tó wù ú jù lọ dórí ẹni tí kò wù ú tó bẹ́ẹ̀. Tó bá di ọjọ́ tí a dá, fóònù fúnra rẹ̀ á pín wọn. Á máa lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹnì kejì, á máa mú ẹni tó wà lókè ìwé kálukú. Bí wọ́n bá ti mú ẹni àkọ́kọ́ rẹ lọ, á mú ẹnì kejì fún ọ. Ìwọ kò ní sí níbẹ̀ láti jiyàn. Bí o bá ṣe tò ó ni wọ́n ṣe máa pín in fún ọ.

Àṣà kan tún wà ńbẹ̀ tó jẹ́ tiwa. Tí wọ́n bá ti pín in tán, Abdulrauf á ka ẹni àkọ́kọ́ tí kálukú mú síta, ẹni tí tirẹ̀ bá pa wá lẹ́rìn-ín jù, a ó yí orúkọ rẹ̀ padà títí ọdún á fi parí. Lọ́dún tó kọjá, ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún lórúnkún ni Akínọlá, aráalé wa àtijọ́, fi ṣe àkọ́kọ́. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é títí di oṣù Karùn-ún. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀. Rántí àṣà yìí, nítorí òun ló kó bá mi.

Ó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ. O mọ bí ọ̀sẹ̀ kọnfẹ́ńṣọ̀n ìjọ ní Kámpù ṣe máa ń rí fún àwa onídìrí. Gbogbo obìnrin Mowe ló fẹ́ dirun lọ́jọ́ kan náà, àwọn àlejò Èkó á tún dé. Mò ń jí dirun, mò ń sùn lórí irun. Mo wá yọ́ jáde lọ́jọ́ Àìkú kan lọ kí Bọ̀dá. Wọ́n ti ń dúró dè mí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi kọ orúkọ ogójì agbábọ́ọ̀lù sínú ìwé yẹn, nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lẹ́tà ńláńlá tó ń wọ́ sọ́tùn-ún wọ́ sósì. Títo orúkọ sínú fóònù, ìka ni wọ́n fi ń wọ́ ọ, ìka tiwọn sì ń gbọ̀n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ kí n bá wọn tò ó. Wọ́n gbé ìwé náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n fi ìkúùkù lu àyà ara wọn, wọ́n sì nawọ́ sí mi. Ìyá Delight ní, "Wọ́n ní ìwọ làwọn fọkàn tán." Mo kúnlẹ̀ gbà á.

Ọjọ́ kejì ni mo ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù, láàárín orí méjì. Sọ̀fí, kípà ni wọ́n kọ sí ipò kìíní! Kípà ẹgbẹ́ kékeré kan tí ẹnikẹ́ni kì í wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kejì, difẹ́ńdà. Ẹnì kẹta, difẹ́ńdà. Títí dórí ẹni ìkọkànlá, kò sí sítíráíkà kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀gá tó ń gbá góòlù wọlé bí ẹni gbá ilẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n fi wọ́n sí. Omi bọ́ lójú mi lórí irun oníbàárà. Mo ní àrùn yìí ti dé ọpọlọ Bọ̀dá, a ò sì mọ̀. Ẹni tó kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù! Mo wá ro ọjọ́ tí wọ́n máa kà á síta, mo ro ẹ̀rín, mo ro orúkọ tí wọ́n máa sọ wọ́n, kí wọ́n máa pe ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ní kiní kan fún odindi ọdún. Mo ní kò ní ṣojú mi. Mo gbé fóònù, mo tún gbogbo rẹ̀ tò látòkè délẹ̀. Mo kó sítíráíkà sókè, mo kó kípà lọ sísàlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. N kò bi ẹnì kankan. Iyọ̀ ni mo fi sí i.

Kí n sì sọ gbogbo rẹ̀ tán, torí mo ti bẹ̀rẹ̀. Sítíráíkà kan wà tí èmi náà fẹ́. Mo fi í sí ipò kìíní nínú tèmi. Nígbà tí mò ń tún tiwọn tò, mo rántí rẹ̀, mo sì rọra fi í sí ipò kẹfà fún wọn, kó má baà bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Lójú mi, àánú ni mò ń ṣe, síbẹ̀ ọwọ́ mi kò gbàgbé ara rẹ̀. Mo gbà á lóòótọ́. Ó wà nínú ẹgbẹ́ mi báyìí, kò tíì gbá ẹyọ góòlù kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n pín in, ẹnikẹ́ni kò fi Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. Abdulrauf ka tiwọn, gbogbo gúrúùpù ní àgbà ṣì ni àgbà. Inú mi dùn! Mo tiẹ̀ dirun ọ̀fẹ́ fún ọmọ aládùúgbò kan lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá Delight pè mí láago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n ní Bọ̀dá ń béèrè ìwé wọn, wọ́n fẹ́ fi wo ohun kan. Mo ní òjò wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ti rin ín, mo ti dà á nù. Irọ́ ni, Sọ̀fí. Abẹ́ dígí ló wà, ó gbẹ gbáú.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àfi ìgbà tí Ìyá Delight wá tú irun lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí mo ṣe fi òòyà kan orí wọn báyìí ni wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín bọ́ọ̀lù yẹn ni ọkọ àwọn ti yí padà. Wọ́n ní ó wo orúkọ tó wà nínú fóònù, ó wò ó pẹ́, ó fi ọwọ́ òsì kan orí ara rẹ̀, ó sì sunkún, ẹni tí kò sunkún lọ́jọ́ tí àrùn náà dé. Ó rò pé òun ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ohun tó wà lọ́kàn òun kọ́ ni ọwọ́ òun kọ síwèé, pé orí òun ti dàrú, pé kò sì yé òun. Kò kọ̀wé mọ́. Wọ́n ra ìwé tuntun fún un, ó tì í sẹ́yìn. Mubashir wá béèrè iná tírélà kan, ó yíjú sí ògiri. Ta ló máa ya wáyà fún èèyàn, nígbà tí kò dá a lójú pé pupa lòun ń pè ní pupa? Ọládélé tún wá dá ọ̀rọ̀ Ìfọ̀ sílẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí Bọ̀dá mi orí pé ó dáa. Wọ́n ti dá ìpàdé ẹbí sí ọ̀la, Sátidé, láti fi ṣọ́ọ̀bù Asese sílẹ̀.

Ìyá Delight ń sọ gbogbo èyí, orí wọn wà lọ́wọ́ mi, ìwé sì wà lábẹ́ dígí tí wọ́n ń wo ara wọn nínú rẹ̀. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á ṣe é. Ẹnu tèmi náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Kò tán síbẹ̀ o. Lánàá, Akínọlá ń yangàn ní gúrúùpù, òun ló wà lókè tábìlì. Mo bi í léèrè ohun tí kípà rẹ̀ ń jẹ tó fi ń rí pọ́íǹtì tó bẹ́ẹ̀. Ó fi mí ṣẹ̀sín, ó ní ṣé n kò ka ọ̀rọ̀ alága ní òpin oṣù Keje ni. Mo wá lọ wá a. Ọ̀rọ̀ gígùn báyìí tí Abdulrauf kọ, ọjọ́ tí orí mẹ́tàlá ń dúró dè mí ló kọ ọ́. Ó ní lọ́dún yìí, bí wọn kò bá gbá góòlù wọ ilé ẹgbẹ́ kan, kípà àti àwọn difẹ́ńdà wọn á gba ìlọ́po méjì. Bọ̀dá kò ní ohun méjì tí wọ́n ń ṣe lórí àga yẹn ju kí wọ́n ka ohun tó bá wọlé. Wọ́n kà á títí dé ìparí. Mo fa ìwé jáde lábẹ́ dígí. Kípà Akínọlá ni nọ́ńbà kìíní Bọ̀dá. Difẹ́ńdà rẹ̀ mẹ́ta wà nínú mẹ́fà àkọ́kọ́ wọn. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó ni èmi fi ìka mi nù kúrò. Orí wọn pé, Sọ̀fí! Orí wọn pé ju ti gbogbo wa lọ, èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n gbà pé kò pé mọ́.

Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá sọ ọ́, Ìyá Delight kò ní fojú rere wò mí mọ́ láéláé, ìyá tó fún mi ní ibi tí mo sùn sí lọ́dún tí lanlọ́ọ̀dù lé mi. Bí n kò bá sọ ọ́, wọ́n á kó Bọ̀dá lọ sí Ìfọ̀ bí ẹni kó àga tó ti kán. Mo dá ìwé yìí dúró síbí ná. Mi ò tíì mọ èyí tí mo máa ṣe.

                                                            Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje.

Mo tún mú bíírò. Mo lọ.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa ní Sátidé, ọjọ́ tí owó ń wọlé, mo gbé ìwé náà sínú àpò, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ibafo. Mo fẹ́ débẹ̀ kí àwọn ará Ìfọ̀ tó dé, kí n lè rọra sọ ọ́ fún tọkọtaya nìkan. Ìtìjú ò jẹ́ kí n tètè kúrò nílé. Nígbà tí mo dé, gbogbo wọn ti jókòó: Ọládélé, ìyàwó rẹ̀, àti bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Báàgì Bọ̀dá méjì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn fúnra wọn wà lórí àga wọn, wọ́n ti wọ fìlà, wọ́n ń wo ilẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀. Mi ò kí ẹnikẹ́ni tán tí mo fi yọ ìwé náà. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wọn lọ, èmi ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀, Sọ̀fí, ti òjò, ti irọ́, títí kan ti sítíráíkà tí mo fi sí ipò kẹfà, èyí tí ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀ láyé. Ọládélé dìde, ó ní ṣé torí eré orí fóònù ni ẹ̀gbọ́n òun fi ń sunkún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣé mo mọ ohun tí mo ṣe? Mo ní mo mọ̀. Bàbá àgbà yẹn ní kó jókòó. Ìyá Delight wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì wọlé lọ.

Bọ̀dá nawọ́ gba ìwé. Wọ́n ṣí i sórí itan, wọ́n fi ìka òsì tẹ̀ lé orúkọ kọ̀ọ̀kan, ìkíní, ìkejì, ìkẹta, títí ó fi pé ogójì. Wọ́n nawọ́ sí fóònù, mo ṣí ẹgbẹ́ Akínọlá fún wọn, wọ́n wò ó, wọ́n wo ìwé, wọ́n tún wo fóònù. Nígbà tó yá, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni! Ẹ̀rín tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ṣoṣo jáde, omi ń dà lójú wọn. Wọ́n fi ọwọ́ lu orí ara wọn, gbọ̀n, gbọ̀n, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tó bá onílé nílé. Ìyá Delight gbọ́ ọ, wọ́n sáré jáde. Bàbá àgbà bi wọ́n léèrè Ìfọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n mi orí pé rárá, wọ́n mì í débi pé fìlà jábọ́. Ọládélé ló gbé báàgì padà sí yàrá. Ó ní ó dáa, kí a wò ó títí di ọdún Kérésì ná.

Mo kúnlẹ̀ dágbére tán, mo fẹ́ máa lọ, ìtìjú ò jẹ́ kí n gbójú sókè. Bọ̀dá kan ilẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n béèrè bíírò. Wọ́n yí ìwé náà sí ẹ̀yìn, ojú ewé tó mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn, gbogbo pálọ̀ ló dúró dè wọ́n. Ó gbà wọ́n tó ìdajì wákàtí. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n na ìwé sí mi. Orúkọ àwa méje yòókù tí a jọ gbé Ilé Pupa ni wọ́n tò síbẹ̀, nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí wọ́n ṣe to àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn gẹ́lẹ́. Ìwọ tí o wà ní Ìlọrin, tí o kò tiẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìwọ lo gba ipò kìíní. Abdulrauf ṣe ìkejì. Akínọlá pàápàá wà níbẹ̀, ìkẹrin. Orúkọ tèmi wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìkeje.

Wọ́n wá na bíírò sí mi. Ẹnu wọn ṣí, ó ṣí pẹ́, ahọ́n ń wá ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ó yá. Tún... un... tò."

Ìwọ mọ̀ mí, Sọ̀fí. O mọ bí ọwọ́ mi ṣe rí. Mo di bíírò yẹn mú, mo wo orúkọ mi, mo wo ojú wọn. Mo dá bíírò padà fún wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. N kò tún un tò.

Mubashir ti ń lọ bá wọn lónìí nípa tírélà kan. Mo ti kọ ọ́ sí gúrúùpù pé èmi ni mo yí ìwé Bọ̀dá, wọ́n sì ti bú mi bó ṣe tọ́. Ẹgbẹ́ wọn kò ṣe é tún ṣe mọ́ lọ́dún yìí, ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n máa wà. Ìyá Delight kò tíì dáhùn ìkíni mi. Mo kí wọn láàárọ̀ yìí nínú fóònù, mo sì rí i pé wọ́n ti kà á. Tí o bá ráyè, jọ̀ọ́, bá mi pè wọ́n. Má bẹ̀ wọ́n fún mi, ṣáà bi wọ́n pé báwo ni ara Bọ̀dá.

Bá mi kí Bàbá Ìbejì, bá mi kí ìyá ọkọ rẹ dáadáa, fi ẹnu kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Táyé àti Kẹ́hìndé fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí o bá ń se ọbẹ̀ lónìí, iyọ̀ tí ọwọ́ rẹ bá bù sí i, ó tó.

                                                            Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, ẹni ìkeje,

                                                            Ìbíwùnmí.